Ìkòkò Ògì Àwọn Ìyá Wa: Ohun Tí Kíkan Lè Ṣọ́ àti Ohun Tí Kò Lè Ṣọ́



Ọmọ Aguidi tó bá kọ́kọ́ dé ọjà Èkó máa ń gbọ́ ohun kan tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Á gbọ́ tí olóúnjẹ ń polówó àgídí. Ó lè rò pé ìlú òun ni wọ́n ń tà. Bó bá wo inú igbá, ẹ̀kọ tútù ni yóò bá níbẹ̀, ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé, irú èyí tí a fi dàgbà. Ohun tí gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ sí akassa ni ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú wa àti orúkọ oúnjẹ náà kàn jọ ara wọn létí ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ìtàn ìdásílẹ̀ Aguidi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ yẹn ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kan ìlera àwọn ọmọ wa. Òun ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ohun tó mú wa kọ ọ́ rèé. Ní ọdún tó kọjá, ìyá ọmọ iléèwé wa kan wá bá wa ní kíláàsì, ó pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni. Ó rù, ojú rẹ̀ sì ti jìn. Ìgbẹ́ gbuuru ti dá a dúbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méjì. A bi ìyá rẹ̀ pé kí ni ọmọ ń jẹ. Ó ní wàrà alágolo ni òun ń pò fún un. Ó ní òun kì í fún un ní ògì, nítorí wọ́n sọ fún òun pé oúnjẹ àwọn tálákà ni, pé omi kíkan lásán ni. Wàrà náà sì wọ́n, nítorí náà ó ń fi omi púpọ̀ là á kí agolo lè pẹ́. Omi kànga ni, kò sì sè é.

A ní kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ara ọmọ yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, “omi kíkan lásán”, kò kúrò lọ́kàn wa. Ta ló kọ́ wa láti máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìkòkò àwọn ìyá wa? Ṣé òótọ́ sì ni?

ÌKÒKÒ TÓ Ń ṢIṢẸ́ LÓRU

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbàdo. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé láti ìgbà Odùduwà ni àgbàdo ti wà lọ́dọ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí Christophe Colomb dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1492 ni àwọn oníṣòwò orí òkun, pàápàá àwọn Potogí, gbé e dé etíkun wa. Ọkà bàbà ti wà lọ́wọ́ wa ṣáájú rẹ̀, títí di òní a sì ń fi bàbà ṣe ògì pupa.

Àlejò ni àgbàdo, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń ṣe é kì í ṣe ti àwọn tó gbé e wá. Ní Mẹ́síkò, wọ́n máa ń fi eérú tàbí òkúta ẹfun tí wọ́n ti sun sè é kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, omi àti sùúrù ni a fi ń ṣe é.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó jẹ́ pé inú ọ̀rá ni wọ́n ti mọ ògì. Wọ́n á ṣa àgbàdo, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Nígbà tó bá rọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, orí ọlọ ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Èérí á kù sókè, ìyẹn á di ti ewúrẹ́. Omi funfun á bọ́ sínú ìkòkò, wọ́n á fi sílẹ̀ kó tòrò. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ògì á sùn sísàlẹ̀, omi kíkan á dúró lókè. Omi yẹn ni àwọn kan ń pè ní omi ògì, tí àwọn mìíràn ń pè ní omidùn. Wọn kì í dà á nù lásán. Àwọn onísègùn wa máa ń rẹ egbò igi àti ewé sínú rẹ̀ láti fi ṣe àgbo.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá wa àgbà ní òfin méjì nípa ìkòkò yẹn. Èkíní, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tó dọ̀tí kàn án. Èkejì, tí omi rẹ̀ kò bá tíì kan, ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ mu ẹ̀kọ rẹ̀. Bí a bá bi í pé kí ló dé, á ní, “Ògì tí kò kan kò tíì jinná.” A máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí àwa rò pé iná ló ń mú oúnjẹ jinná. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí a tó mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni màmá sọ.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó bu ìwúkàrà sínú ìkòkò. Kò sẹ́ni tó fún ọsàn sí i. Ibo ni kíkan yẹn ti wá?

ỌKÙNRIN TÓ WO OHUN KÍKAN

Ní 1780, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ilẹ̀ Swídìn, Carl Wilhelm Scheele, rí ohun tó ń mú wàrà kan, ó sì yọ ọ́ jáde. Nítorí pé inú wàrà ló ti rí i ni àwọn Faransé fi ń pè é ní acide lactique. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ìgbà náà, bíi Justus von Liebig ará Jámánì, gbà pé ohun tó ń jẹrà ló ń mú kí ṣúgà tó wà nítòsí rẹ̀ náà túká. Wọn kò gbà pé ohun abẹ̀mí kan ló wà nídìí rẹ̀.

Àwa olùkọ́ máa ń kọ́ àwọn ọmọ nípa Louis Pasteur. Gbogbo ọmọ tó bá kàwé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló mọ ìtàn Joseph Meister, ọmọ tí ajá dìgbòlugi bù jẹ tí Pasteur gbà là ní 1885. Ohun tí a kì í sábà sọ fún wọn ni pé kí Pasteur tó dé ìdí ajá, ohun kíkan ló kọ́kọ́ wò. Ní 1857, nígbà tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìlú Lille, ó gbé ohun tó kan sábẹ́ awò tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá. Ó rí ohun eléérú kan nísàlẹ̀. Ó mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi sínú omi ṣúgà tuntun, ìyẹn náà sì kan. Àwọn ohun bíńtín náà ń pọ̀ sí i bí omi náà ṣe ń kan. Ó wá sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Lille pé ohun abẹ̀mí ni wọ́n, pé àwọn ló ń sọ ṣúgà di kíkan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ògì gan-an nìyẹn. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí yẹn wà lára àgbàdo láti oko, wọ́n wà lára ìkòkò, wọ́n wà nínú ògì àná tó kù sídìí rẹ̀. Bí omi bá ti kàn wọ́n, wọ́n á jí, wọ́n á máa jẹ ṣúgà inú àgbàdo, wọ́n á sì máa tú kíkan jáde. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní bactéries lactiques. Kí ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní kòkòrò amúǹkan-kan nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Lẹ́yìn Pasteur, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí tó dá sílẹ̀ ní Paris tẹ̀ síwájú. Ní nǹkan bí 1900, Henry Tissier rí irú wọn kan nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń mu ọmú, èyí tí a mọ̀ sí bifidus. Ní 1905, Stamen Grigorov, ọmọ Bùlgáríà tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Geneva, rí kòkòrò tó ń mú wàrà ilẹ̀ wọn kan. Élie Metchnikoff, ará Rọ́ṣíà tó wà ní ilé ìwádìí Pasteur kan náà, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ohun tó ń jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Bùlgáríà pẹ́ láyé ni wàrà kíkan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1907, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1908 fún iṣẹ́ mìíràn lórí bí ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń mu wàrà kíkan lójoojúmọ́. Ó kú ní 1916, lẹ́ni ọdún 71. Ohun tó sọ nípa ẹ̀mí gígùn kò fìdí múlẹ̀ tó bó ṣe rò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni àwọn òyìnbó ti ń fi owó ra oúnjẹ kíkan nítorí ìlera.

Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, abẹ́ ìjọba Faransé ni ilẹ̀ wa wà, Dahomey ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìyá wa ń ru ẹ̀kọ lọ sí ọjà Sakété àti ọjà Pobẹ̀, kòkòrò amúǹkan-kan sì ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò wọn lálaalẹ́. Ohun tí wọ́n ń yìn nínú wàrà ní Paris, àwọn ẹbí rẹ̀ wà nínú ògì wa. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó so méjèèjì pọ̀.

ÀWỌN TÓ GBÉ ÒGÌ LỌ SÍ ILÉ ÌWÁDÌÍ

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn wà lára àwọn tó so ó pọ̀. Ní Òṣòdì, ní Èkó, ilé ìwádìí ìjọba kan wà láti 1956, tí wọ́n ń pè ní FIIRO. Níbẹ̀ ni I. A. Akinrele ti yẹ ògì wò láti ìgbà tí wọ́n rẹ àgbàdo títí tó fi kan. Ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1970. Ó rí i pé oríṣiríṣi kòkòrò ló ń bá ara wọn du ìkòkò náà níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum ló wá gba ilé.

Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, Joseph Hounhouigan ti yunifásítì Abomey-Calavi, pẹ̀lú àwọn ará Wageningen ní ilẹ̀ Họ́lándì, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí mawè, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n pò tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kó kan, èyí tí àwọn Fọ̀n àti Gùn fi ń ṣe akassa àti ablo. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1993. Ẹbí kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Lactobacillus fermentum ló pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn fi kan ọmọ tó ń gbẹ́ gbuuru? Ní Gánà, Patience Mensah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn. Wọ́n fi ẹ̀kọ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun kíkan sè wé èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun tí kò kan sè. Ìyá tó ń lọ sóko tàbí sọ́jà máa ń se ẹ̀kọ láàárọ̀ kó tó jáde, ọmọ á sì máa mu ún títí di ìrọ̀lẹ́. Láàárín wákàtí yẹn ni kòkòrò búburú ń wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ wọn jáde ní 1990 nínú The Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí gbogbo ayé ń kà: èyí tó kan kò gba kòkòrò búburú láàyè bí èyí tí kò kan ṣe gbà á.

Ní Tanzania, Wilbald Lorri àti Ulf Svanberg lọ jìnnà ju ìyẹn lọ, wọ́n lọ wo àwọn ọmọ fúnra wọn. Wọ́n mú abúlé tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ kíkan, wọ́n fi wé abúlé tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1994, wọ́n ròyìn pé ìgbẹ́ gbuuru kéré sí i lára àwọn ọmọ tó ń mu ẹ̀kọ kíkan. Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí ìṣègùn ti Nàìjíríà ní Yábàá tẹ ọ̀rọ̀ ògì kan jáde tí wọ́n pè ní Dogik. Wọ́n yan kòkòrò amúǹkan-kan tó lágbára, wọ́n fi ṣe ògì, ògì náà sì dènà àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru nínú ilé ìwádìí.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ fojú inú wo òṣùwọ̀n kan tó ti orí 0 dé 14, tí wọ́n fi ń wọn kíkan. Omi mímọ́ wà ní 7. Bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà rẹ̀ ń wálẹ̀. Àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ wà nítòsí 6. Nígbà tí ògì bá kan dáadáa, á wálẹ̀ sí nǹkan bí 4 tàbí kó kéré sí i. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fa àìsàn inú, títí kan ti onígbáméjì, kò fẹ́ràn ibẹ̀. Wọn kò lè pọ̀ sí i. Àwọn tó mú un kan nìkan ni ara wọn gbà á.

A gbọ́dọ̀ sọ ohun kan kedere. Nígbà tí a bá se ògì lórí iná, kòkòrò amúǹkan-kan fúnra wọn á kú. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀kọ gbígbóná kún fún kòkòrò alààyè tó ń ṣe ara lóore, kò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n kíkan tí wọ́n tú jáde kò bá wọn kú. Ó wà nínú ẹ̀kọ síbẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ. Bí ọdẹ tó ti ṣe ọgbà yí oko ká ni: kódà bí ọdẹ kò bá sí mọ́, ọgbà wà níbẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí náà wà nínú gàrí. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú, cyanure ni àwọn Faransé ń pè é. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí a dì í sínú àpò, tí a gbé òkúta lé e, oje ara ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń tú májèlé náà sílẹ̀, omi á gbé apá kan lọ, iná á lé ìyókù. Àwọn kòkòrò amúǹkan-kan ló ń fún gàrí ní adùn kíkan rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ yẹn. Oníṣòwò tó bá ń kánjú, tó rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ tó sì yan án lálẹ́, ó ń ta ewu fún ènìyàn.

NÍNÚ IKÙN ỌMỌ

Ọ̀rẹ́ àwa àti àwọn kòkòrò yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò. Inú ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Tissier rí nígbà náà ti wá ní ìtumọ̀ sí i: nínú omi ọmú, irú ṣúgà kan wà tó pọ̀, tí ikùn ọmọ kò lè dà. Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀? Oúnjẹ àwọn bifidus ni. Ìyá ń fún ọmọ lọ́mú, ó sì ń bọ́ àwọn ọ̀rẹ́ tó ń gbé inú ikùn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn náà á mú ikùn ọmọ kan díẹ̀, kòkòrò búburú á sì ṣòro láti ráyè. Ìdí nìyí tí kò fi sí wàrà alágolo tó lè dúró ní ipò ọmú.

Ìròyìn tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jáde ní 2017 láti Odisha, ní ilẹ̀ Íńdíà. Pinaki Panigrahi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìkókó 4,556 jọ ní àwọn abúlé. Wọ́n fún apá kan ní Lactobacillus plantarum pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀, fún ọjọ́ 7 péré. Wọ́n fún apá kejì ní ohun tí kò ní nǹkan nínú. Nínú 100 ọmọ tí kò gbà á, 9 ni àìsàn tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ mú tàbí tó kú. Nínú 100 tó gbà á, kò ju 5 lọ, ó lé díẹ̀. Orúkọ kòkòrò yẹn kò ṣàjèjì sí wa: ẹbí èyí tí Akinrele rí nínú ògì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ fi omi ògì sẹ́nu ìkókó o! Kòkòrò tí wọ́n lò ní Íńdíà, ẹ̀yà kan pàtó ni, tí wọ́n yan, tí wọ́n wẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì wọ̀n. Omi ògì tiwa lè ní omi kànga tó dọ̀tí nínú. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ní 2018, ìwádìí ńlá méjì jáde, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Kánádà. Wọ́n fún àwọn ọmọ tí inú ń run ní ẹ̀yà kòkòrò amúǹkan-kan mìíràn tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Àwọn tó gbà á kò sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ọ̀rá kan wá sí ọjà wa tó ní kòkòrò rere inú rẹ̀ ń wo gbogbo àrùn, ẹ ní kó máa lọ.

OHUN TÍ KÍKAN KÒ LÈ ṢE

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti yí padà, torí a kò kọ èyí láti fi yin àwọn ìyá wa lásán.

A ní àbúrò kan. Ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ ni nígbà tí ìyá wa tún lóyún. Wọ́n já a lẹ́nu ọmú, wọ́n gbé e fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó ń fún un ní ẹ̀kọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹ̀kọ funfun, tó mọ́, tó kan dáadáa, gẹ́gẹ́ bí òfin. Kò gbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Irun orí rẹ̀ pupa, ó sì fẹ́lẹ́. Kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn aládùúgbò ní ayé ló ń ṣe é. Bàbá wa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Ebi ni.” Ó dun ìyá àgbà títí ó fi kú. Ó ní, “Ọmọ tó ń yó lójoojúmọ́, ebi wo?”

Àìsàn yẹn ní ìtàn tirẹ̀, ẹ̀kọ sì wà nínú ìtàn náà. Cicely Williams, dókítà obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kọ nípa rẹ̀ ní 1933. Ó rí i lára àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì ń bọ́ pẹ̀lú oúnjẹ àgbàdo nìkan. Ní 1935 ó pè é ní orúkọ tí àwọn Ga ń pè é: kwashiorkor. Àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí wọ́n bí àbúrò rẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá Ga ti mọ̀ ọ́n kí dókítà tó dé.

Kí ló dé tí ògì kò tó? Ẹ rántí aṣọ tí a fi sẹ́ ẹ. Èérí tó kù sókè, tí a fún ewúrẹ́, òun ló gbé apá púpọ̀ nínú ohun tó ń gbé ara ró lọ. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ funfun àgbàdo lásán. Kíkan ń ṣọ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lè fi ohun tí kò sí níbẹ̀ sí i. Ọgbà tó dára kò sọ oko òfìfo di oko tó kún.

Obìnrin kan náà, Cicely Williams, ló dìde ní Singapore ní 1939, tó bá àwọn tó ń ta wàrà alágolo wí níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò. Ó ní kí wọ́n pe ikú àwọn ìkókó tí wọ́n fi wàrà yẹn bọ́ ní ìpànìyàn. Ó tó 1981 kí àjọ ìlera àgbáyé, OMS, tó ṣe òfin lórí bí wọ́n ṣe lè polówó wàrà ọmọ. Nítorí náà, ẹni kan náà tó rí àléébù ẹ̀kọ nìkan, òun náà ló rí ewu agolo. Kì í ṣe pé kí a fi ìkòkò sílẹ̀ ká gbá agolo mú.

Ohun kejì tí kíkan kò lè ṣe: kò lè wẹ àgbàdo tó ti bu mọ́. Ewu kan wà nínú ebu ara àgbàdo àti ẹ̀pà, aflatoxine ni wọ́n ń pè é. Ní 2002, Yunyun Gong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, 480 ọmọ, láti oṣù 9 dé ọdún 5, ní abúlé 16. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 99 nínú 100 ni wọ́n ti rí àmì rẹ̀. Àwọn tó kúrú tí wọ́n sì rù jù ni tiwọn pọ̀ jù lára wọn. Àwọn tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú ní i ju àwọn tó ṣì ń mu ọmú lọ. Kíkan kò mú un kúrò tán, iná kò sì pa á. Ọwọ́ tó ń ṣa àgbàdo kí wọ́n tó rẹ ẹ́ ló lè dín in kù, àti oòrùn tó gbẹ ẹ́ dáadáa kó tó wọ àká.

OHUN TÍ A LÈ MÚ LỌ SÍLÉ

Ẹ jẹ́ ká kó o jọ, bí a ti ń ṣe lójú pátákó.

Títí ọmọ yóò fi pé oṣù 6, ọmú nìkan. Kò sí omi, kò sí ògì, kò sí agbo.

Láti oṣù 6, kí ọmọ má fi ọmú sílẹ̀, kí a sì fi ẹ̀kọ kún un. Kí ògì kan dáadáa, kí a fi omi tó mọ́ ṣe é, kí a sè é kó hó. Kó ki; ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi kò ní nǹkan nínú.

Kí ẹ̀kọ má dá wọ inú ọmọ. Ẹ lọ sóyà tí a ti yan mọ́ ọn. FIIRO ti ṣe irú ògì olósóyà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ fi ẹ̀pà tí kò bu lílọ̀ sí i, tàbí ẹja gbígbẹ tí a gún kúnná, tàbí ẹyin. Sóyà wà lọ́jà wa, kò wọ́n ju agolo lọ.

Ẹ ṣa àgbàdo. Èyí tó dúdú, èyí tó ní ebu, ẹ má fún adìẹ pàápàá.

Bí ọmọ bá ń gbẹ́ gbuuru, ẹ̀kọ kíkan kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ẹ fún un ní omi SRO láti ilé ìwòsàn, ẹ má já a lẹ́nu ọmú, ẹ sì gbé e lọ kí ojú rẹ̀ tó jìn.

Ìyá ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ padà wá bá wa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ní òun ti ń ṣe ògì nílé báyìí, òun ń lọ sóyà mọ́ ọn. Ọmọ náà jókòó lórí tábìlì wa, ó ń fa ìwé ya. Àbúrò tiwa náà yè. Ó ti ní ọmọ mẹ́ta báyìí, kò sì sí èyí tó mu ẹ̀kọ lásán nínú wọn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìyá àgbà mọ̀ pé ògì tí kò kan kò tíì jinná. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ẹ̀kọ nìkan, ebi ni. Bí àwọn méjèèjì bá ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ tipẹ́, ẹsẹ̀ àbúrò wa ì bá má wú.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ lọ bi wọ́n lálẹ́ òní: ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń fi ògì sílẹ̀, kí ni wọ́n ń pe omi orí rẹ̀ ní abúlé yín, kí sì ni wọ́n ń fi kún un fún ọmọ? Ẹ kọ ọ́ síbí fún wa, kí àwọn ọmọ wa lè rí i kà.